Ìjókòó Lọ́rì Bàbá Ṣótúndé

"Sọ ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀! Mo ní kí o sọ ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀, ìwọ aránjókòó yìí! Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ọkọ̀ mi?"

Ohùn Bàbá Ṣótúndé ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Fèrè ọkọ̀ ń dún lójú títì Sàǹgó bí ẹni pé wọ́n ń fi dá ara wọn lẹ́kọ̀ọ́, síbẹ̀ ohùn bàbá yìí bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀yìn dídùn ti dá a dùbúlẹ̀ nílé. Ẹni tí kò lè dìde lọ tọ̀ láìjẹ́ pé a fà á lọ́wọ́, òun náà ló bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà yìí, bàtà lẹ́sẹ̀ kan, sílípáàsì lẹ́sẹ̀ kejì.

Títílọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, dúró ti ilẹ̀kùn lọ́rì náà, ó di kúlà oúnjẹ mọ́ àyà bí ẹni di apata mú. Òun ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Òun, Ìyá Kàdírì tó ń ta fóòmù àti lẹ́dà níwájú ṣọ́ọ̀bù, àti Bàdírù tó ń bá bàbá wa ọkọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbìmọ̀ pọ̀ pé kí àwọn gbé lọ́rì wá fún Gbọ́ládé, àfẹ́sọ́nà Títílọlá tó ń rán ìjókòó ọkọ̀, kí bàbá tó dìde ní àìsàn. Kí ọmọkùnrin náà tún inú ọkọ̀ ṣe, kí bàbá jókòó lé ìgbádùn, kí inú rẹ̀ sì yọ́ sí ẹni tí kò fẹ́ fojú rí.

"Bàámi, èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e wá," ni Títílọlá wí. "Ìjókòó yẹn ló ń bà yín lẹ́yìn jẹ́. Wáyà ti yọ lára rẹ̀ bí ẹ̀gún ọ̀pẹ."

"Ìdí ta ni wáyà ń gún? Tìrẹ ni àbí tèmi? Ǹjẹ́ ìdí mi wá sunkún sí ọ lọ́rùn?"

Àwọn mẹkáníìkì tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Bàdírù fẹ́ là wọ́n. "Ọ̀gá, no vex, I jus say make..."

"Pa ẹnu rẹ dé! Sìmẹ́ńtì ni mo ní kí o lọ gbé, o gbé ọkọ̀ mi wá fún télọ̀!"

Gbọ́ládé sọ̀ kalẹ̀ látinú lọ́rì. Ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ìdọ̀tí fóòmù kún irun rẹ̀. Ó rọra fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tí epo ẹ́ńjìnnì ti rin gbingbin.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Mo ti tú u tán kí ẹ tó dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká jọ gòkè. Mo ní ohun tí mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́."

Títílọlá rí i bí ojú bàbá rẹ̀ ṣe yí padà. Gbogbo ibínú ọ̀hún gbẹ bí ìrì. Bàbá gòkè, Gbọ́ládé tẹ̀lé e, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Láti ilẹ̀, fìlà bàbá nìkan ni Títílọlá ń rí lójú dígí. Fìlà náà kọ́kọ́ ń mì tìtì, nígbà tó yá ó tẹ̀ síwájú, kò sì gbé sókè mọ́.

"Ó ń bẹ̀ ẹ́," ni Ìyá Kàdírì sọ sí i létí. "Ọmọ yẹn mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Bí ọkọ mi bá mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ tó báyìí, ǹ bá má ti kúrò nílé rẹ̀."

Nígbà tí bàbá sọ̀, ó ti há àpò ọ̀rá dúdú kan mọ́ abíyá. Kò wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Kí ó rán an," ni ó wí. "Kí ó rán an bí ó bá ṣe wù ú."

Ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ, ọkùnrin tí kò lè rìn.

Oṣù karùn-ún ọdún ni. Ẹ fi sọ́kàn.

*

Bí Títílọlá ṣe mọ Gbọ́ládé kò ṣòroó sọ. Àsìkò tí ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá àti yunifásítì ń hù ní Ọ̀tà bí olú òjò ni. Gbogbo ilẹ̀ tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di ilé alájà mẹ́rin, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní lọ́rì ń rí nǹkan gbé. Títílọlá ń ṣe akọ̀wé ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìtẹ̀lé. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ya níjòókòó, wọ́n ní kí ó mú un lọ sí Sàǹgó. Ní ọjọ́ tó padà lọ gbé e, aránjókòó náà na yẹtí kan sí i.

"Àǹtí, ẹ gba. Abẹ́ ìjókòó kẹta ló wà."

"Ta ló sọ fún yín pé tèmi ni?"

"Ìkejì rẹ̀ ni ẹ so mọ́ kọ́kọ́rọ́ tí ẹ dì mọ́wọ́ yẹn."

Títílọlá wo kọ́kọ́rọ́, ó rẹ́rìn-ín láìfẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò sì tà á? Góòlù ni o."

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, òfin kan ló fún mi: ohun tí o bá bá nínú ìjókòó, o kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, o kò gbọdọ̀ fi pamọ́, ẹni tó ni ín ni kí o wá kàn."

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú un. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ojú rere tàbí owó ló ń fa obìnrin, ẹ lọ jókòó. Títílọlá ti ń gbé nílé tí nǹkan ti ń sọnù láìpadà. Lucy, ìyá rẹ̀, jáde nílé nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún méje. Nígbàkigbà tó bá béèrè, gbólóhùn kan náà ni bàbá ń fún un: "Ó tẹ̀lé ọkùnrin lọ sí Kútọnu. Kò béèrè rẹ rí." Kò béèrè rẹ rí! Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Títílọlá fi ń jẹ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ oúnjẹ. Ọkùnrin tó ń wá ẹni tó ni nǹkan kàn wá dé, báwo ni kò ṣe ní tẹ̀lé e?

Bàbá Ṣótúndé kọ̀ jálẹ̀. Ó ti di díákónì, ọkọ̀ rẹ̀ ló sì ti kó yanrìn tí wọ́n fi kọ́ ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ephraim ló ti mú fún ọmọ rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yunifásítì, tó ní ọkọ̀ Gọ́ọ̀fù tó sì ń gbàdúrà bí ẹni tí ń bá ènìyàn jà.

"Ẹni tó ń rán ibi tí ìdí ń jókòó sí," ni bàbá máa ń wí, "òun ló fẹ́ di olórí ọmọ mi?"

Ìyá Kàdírì ṣe alárinà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni bàbá lé e. Lẹ́ẹ̀kẹta ló wá ní, "Bàbá Títí, ẹ kò fẹ́ ọmọ náà, mo gbà. Ẹ ṣáà jẹ́ kó bá yín tún ìjókòó lọ́rì ṣe. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń rìn, bí ẹni tí ewúrẹ́ kàn."

"Ẹnikẹ́ni kò ní tú ìjókòó yẹn nígbà tí mo wà láyé!"

Àwọn obìnrin méjèèjì rò pé ahun ló ń ṣe é.

*

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé ìjà ṣọ́ọ̀bù yẹn, bàbá bọ́ kóòtù rẹ̀, ó pe Títílọlá sí pálọ̀.

"Ọmọkùnrin yẹn. Kí ó mú àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ní ìparí ọdún."

"Bàámi, ẹ ń bá mi ṣàwàdà ni?"

"Ṣé mo máa ń bá ọ ṣàwàdà?"

"Ephraim ńkọ́?"

"Ephraim yóò rí ìyàwó. Ọmọge tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn pọ̀ ju àga ibẹ̀ lọ."

Títílọlá dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó jáde síwájú ìjọ, ó gba máíkì, ó jẹ́rìí. "Ẹ bá mi yin Olúwa! Ọlọ́run tó yí ọkàn Fáráò padà ti yí ọkàn bàbá mi padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nínú lọ́rì!" Gbogbo ìjọ hó yèè. Bàbá Ṣótúndé wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń tọ́ àwọn ènìyàn sí àyè wọn. Kò pàtẹ́wọ́. Títílọlá rò pé ojú ló ń tì í.

Inú lọ́rì náà dára tó fi dunni. Náìn-wan-wan àtijọ́ ni, irú Bẹ́ńsì tí imú rẹ̀ yọ síwájú, ó ju Títílọlá lọ́jọ́ orí. Gbọ́ládé fi lẹ́dà pupa rẹ́súrẹ́sú bo ìjókòó, ó fi funfun lé etí rẹ̀, ó bo ilẹ̀kùn, ó bo àjà, ó kó fóòmù líle sísàlẹ̀ àti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sókè kí ẹ̀yìn bàbá lè sinmi. Ní àyè àárín, ó fi òwú funfun rán òdòdó kékeré kan.

"Ibi tí ìyàwó mi yóò máa jókòó sí nìyẹn," ni ó wí.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti yí nínú rẹ̀. Ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ bí rédíò di ẹni tí a ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lóṣù keje, Bàdírù gbé wọn jáde nínú lọ́rì náà lọ sí ọ̀nà Ìgbẹ̀sà lọ kó búlọ́ọ̀kù. Títílọlá jókòó lórí òdòdó rẹ̀, ó na ẹsẹ̀.

"Ìbá ṣe pé ìyá mi rí ibi tí mo jókòó sí yìí," ni ó wí. "Àfi bí ẹni pé mò ń tan ara mi jẹ. Ẹni tí kò béèrè mi rí."

Gbọ́ládé ní kí Bàdírù dúró. Ó ní táyà ẹ̀yìn ń pariwo. Ó sọ̀, ó yí ọkọ̀ ká, ó pẹ́. Nígbà tó padà, Bàdírù ní, "Wetin do the tire?" Gbọ́ládé ní kò sí nǹkan. Ojú rẹ̀ pọ́n. Títílọlá ní eruku ni.

*

Ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ẹbí tó wá mọ ara wọn, lóṣù kọkànlá, awakọ̀ kan gbé náìn-wan-wan tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní bí ti Bàbá Ṣótúndé gẹ́lẹ́ lòun ń fẹ́. Gbọ́ládé ti lọ ra lẹ́dà ní Èkó. Títílọlá tó gbé oúnjẹ wá ló fi fóònù pè é.

"Sọ fún un kó dúró dè mí," ni Gbọ́ládé wí. "Awọ ìjókòó Bàbá tó ti gbó wà lórí àjà. Gbé e sọ̀, tẹ́ ẹ sórí tábìlì, òun la ó fi gé tirẹ̀."

Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn. Aránjókòó kì í ju awọ àtijọ́ nù, òun ni ìwọ̀n rẹ̀. Gbọ́ládé ti dá ohun tó wà nínú awọ padà, ó ti gbàgbé pé awọ náà ní inú.

Títílọlá tẹ́ ẹ, ó yí i dé. Kánfáàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti pọ́n fún òógùn àti ooru ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ti lẹ àkísà kan mọ́ ọn bí àpò, òwú tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rán an, ìránkúràn, bí ìrán ẹni tí kò mú abẹ́rẹ́ rí. Gbọ́ládé ti la ẹnu rẹ̀. Inú àpò ọ̀hún ṣófo, ṣùgbọ́n báírò ti yí mọ́ kánfáàsì láti ara ìwé tó ti pẹ́ níbẹ̀, ìlà lórí ìlà, gbogbo rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ènìyàn. Lẹ́tà T ńlá kan nìkan ló dá mọ̀.

Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan wà nílẹ̀. Ó gbé e, ó fi kọjú sí ìwé náà. Ọ̀rọ̀ náà yíjú padà sí i.

*Títílọlá ọmọ mi. Lẹ́tà kọkànlá rèé. Awakọ̀ ni mò ń fi rán sí bàbá rẹ ní páàkì, mi ò mọ̀ bóyá ó ń fún ọ. Mo ti kúrò ní Kútọnu. Ìgbẹ̀sà ni mo wà, nílé Ọ̀ṣìnúbí lẹ́yìn ọjà. Bàbá rẹ ní kí n má fẹsẹ̀ kan Ọ̀tà mọ́ láyé, ẹsẹ̀ ọ̀hún gan-an kò sì gbé mi mọ́. Mi ò bá a jà. Kó ṣáà jẹ́ kí n rí ọ. Wá.*

"Àǹtí," ni awakọ̀ náà wí, "ṣé ìwọ̀n náà bá tèmi mu?"

"Ó bá a mu," ni Títílọlá dáhùn. Ó ká awọ náà, ó dá a padà sórí àjà.

*

Obìnrin arúgbó kan ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọ̀ṣìnúbí. Títílọlá kò tíì sọ̀ tán lórí ọ̀kadà tó ti kúnlẹ̀.

"Ẹ kúulé, Màmá. Ìyá kan ni mò ń béèrè. Lucy lorúkọ wọn."

Arúgbó náà wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Títí ni ọ́." Kò béèrè. Ó sọ ọ́ ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ṣé wọ́n wà nínú ilé?"

"Jókòó ná."

"Màmá, ẹ bá mi pè wọ́n."

"Mo ní kí o jókòó, ọmọ mi."

Ó jókòó.

"Oṣù kẹjọ la sin ín," ni arúgbó wí. "Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, ìyókù tẹ̀lé e. Bí ọkọ̀ ńlá bá ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù yìí, á ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, ṣé imú rẹ̀ yọ síwájú?' Mo wo lọ́rì títí ojú fi ro mí. Lóṣù keje, ọ̀kan dúró lọ́hùn-ún, nídìí igi ọ̀pẹ yẹn. Imú rẹ̀ yọ. Ọkùnrin kan sọ̀, ó ń yí táyà ká. Mo ní, 'Lucy, wọ́n dé o!' Ó ní kí n bá òun wọ búláòsì. Kí n tó bọ apá kan, ọkọ̀ ti lọ."

Títílọlá kò sunkún. Omijé ní àsìkò tirẹ̀, èyí kì í ṣe àsìkò rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbi ilẹ̀ tí wọ́n fi hàn án, koríko ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbẹ̀.

Lórí ọ̀kadà, gbogbo ọ̀nà, bàbá rẹ̀ kọ́ ló ń rò. Bàbá rẹ̀ ti jókòó lé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, kò lè sun ún níná, kò lè fi í sílẹ̀, wáyà sì ń gún un nídìí. Ìyẹn ti rí ìyà rẹ̀ jẹ díẹ̀. Gbọ́ládé ni. Ǹjẹ́ ó ka lẹ́tà náà? Ó ha lè jẹ́ pé kò kà á? Bóyá ó kó o fún bàbá ní dídì bí ó ṣe bá a, tí bàbá sì fúnra rẹ̀ rò ó pé kí òun yọ̀ǹda. Ó fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ ẹ débi pé ó gbàdúrà sí i. Ó ní bí ọkùnrin yìí bá lè la ẹnu sọ òtítọ́ kan ṣoṣo, òun yóò dárí jì í, Ọlọ́run gbọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jimọ̀, ó bá a nídìí ẹ̀rọ.

"Gbọ́ládé, nígbà tí o tú ìjókòó Bàámi, kí lo bá níbẹ̀?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Kí ló mú èyí wá lónìí?"

"Mo kàn bi ọ́ ni. Ìwọ lo ní a kì í fi pamọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo fẹ́ bá? Kọ́bọ̀ mẹ́ta, egungun adìẹ, ìdérí bíà. Bàbá rẹ kò tíì di díákónì nígbà yẹn."

Títílọlá bá a rẹ́rìn-ín. "Kò sí nǹkan mìíràn?"

"Títí, ọ̀la ni àwọn ẹbí wa ń bọ̀. Jẹ́ kí n parí iṣẹ́ yìí."

"Gbọ́ládé."

"Kò sí nǹkan mìíràn," ni ó wí, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

*

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, pálọ̀ Bàbá Ṣótúndé kún. Ẹbí Gbọ́ládé jókòó sápá kan, ẹbí ìyàwó sápá kejì, Gbọ́ládé wà láàárín pẹ̀lú fìlà tuntun. Wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n ti ṣàwàdà. Alàgbà Ṣóbándé, ẹ̀gbọ́n Bàbá Ṣótúndé, ní kí wọ́n pe ọmọ jáde. Títílọlá jáde, ó kúnlẹ̀, yẹtí góòlù méjèèjì wà létí rẹ̀.

"Títílọlá, wò wọ́n dáadáa," ni Alàgbà wí. "Àwọn kan wá, wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́. Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ ọmọkùnrin yìí? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ká lé wọn lọ."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá Kàdírì kígbe láti ẹnu ọ̀nà: "Dá wọn lóhùn kíákíá, ọmọ mi, ebi ń pa alárinà!"

Títílọlá dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó yọ yẹtí kan, ó rìn lọ, ó gbé e lé orúnkún Gbọ́ládé.

"Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin bàbá mi. Yẹtí yìí bọ́ sábẹ́ ìjókòó, ó wá mi kàn, ó dá a padà. Lóṣù karùn-ún, ó tú ìjókòó lọ́rì Bàámi, ó bá lẹ́tà mọ́kànlá tí ìyá mi kọ sí mi. Ó kó wọn fún Bàámi. Bàámi fi mí dí i lẹ́nu."

Ẹ̀rín ti kú nínú ilé. Bàbá Ṣótúndé di apá àga mú. Gbọ́ládé la ẹnu.

"Títí, jọ̀ọ́..."

"Oṣù kẹjọ ni wọ́n sin ìyá mi ní Ìgbẹ̀sà. Mo mọ̀ ọ́n, ẹ lé wọn lọ."